Ìrìn mẹ́rin lẹ́yìn ẹja crappie lórí Lake Fork: ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún ọlọ́kọ̀, àti ìgbà tí kò yẹ

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti sanwó fún bàbá kan tó ń gbé èèyàn lọ pẹja crappie lórí Lake Fork níbí ní Texas, láti March ọdún tó kọjá títí di January tó kọjá yìí, kò sí ìgbà kankan nínú ọdún tí a ò jọ gun ọkọ̀. Owó ara mi ni mo fi san, kò sì mọ̀ pé mo máa kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ tí mo máa sọ, mo sì ti kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú òun fúnra ẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyí: ìgbà ìrúwé tí gbogbo èèyàn ń dù ú, tẹ́ ẹ ò ní rí àyè lọ́wọ́ ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ ọ́ láti Kérésì, ìgbà yẹn gan-an lẹ ò nílò ẹ̀. Wíńtà ni kẹ́ ẹ gbé owó yín fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹja náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Crappie kò sí nílé, ẹja Amẹ́ríkà ni, omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé, tẹ́ ẹ bá gbé e dání ẹ máa kọ́kọ́ rò pé epìyà ni torí ara ẹ̀ fẹ̀ ó sì pẹlẹbẹ, àmọ́ ẹnu ẹ̀ tóbi ju ti epìyà lọ, ojú ẹ̀ sì sún mọ́ òkè orí. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní black ní àmì dúdú kéékèèké káàkiri ara bí ìgbà tí wọ́n bu ata gígún sí i lára, èyí tí wọ́n ń pè ní white ní ìlà tó ti ẹ̀yìn wá sí ikùn, tó bá sì rú yín lójú ẹ ka ẹ̀gún tó wà lẹ́yìn ẹ̀, black máa ń ní méje tàbí mẹ́jọ, white kì í sábà ju mẹ́fà lọ. Bàbá yìí ò tiẹ̀ ń pè é ní crappie rárá, white perch lòun ń pè é bíi tàwọn àgbà East Texas, àwọn ará Louisiana tó ń wá síbẹ̀ náà ń pè é ní sac-a-lait. Orúkọ yòówù kó jẹ́, nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀. Ojú ẹ̀ wà lókè, torí náà ohun tó bá wà lókè orí ẹ̀ ló ń rí, ìdẹ tó bá ti kọjá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì, awọ ẹnu ẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, tẹ́ ẹ bá nà án sí oòrùn ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá.

Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, ẹja ò ṣàjèjì sí mi, àmọ́ àwọ̀n àti ìgèrè ni mo mọ̀, mi ò mọ ọ̀pá ìwọ̀ tó gùn bí igi àgbàlá. Lake Fork náà ò jọ ọ̀sà wa. Ìjọba ló sé odò mọ́, ọdún 1980 ni wọ́n sé e, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 27,000, wọn ò gé ọ̀pọ̀ igi tó wà nínú igbó náà kí omi tó bò ó, torí náà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ máa rí orí igi gbígbẹ tó yọ sókè láàárín omi bí òpó ilé tó jóná. Inú àwọn igi yẹn ni ẹja ń gbé, inú wọn náà sì ni ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀nà ti ń fọ́. Láti Garland, wákàtí kan àti díẹ̀ ni.

Ìrìn àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú March, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la débẹ̀, bàbá ti dé, ọkọ̀ ti wà lómi. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ni, nínú ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jẹ́ ká dúró dè é rí, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún un. Lójú ẹ̀rọ ọkọ̀ mo rí i pé omi gbóná tó 62 ti Fahrenheit, ó ní ohun tóun ń wá gan-an nìyẹn torí tó bá ti tó bí 60 sí 68 ni crappie máa ń wá sétí omi wá yé ẹyin. Akọ ló ń gbálẹ̀ fún ìtẹ́, akọ náà ló ń ṣọ́ ẹyin lẹ́yìn tí abo bá ti bá tiẹ̀ lọ, ara akọ á wá dúdú nígbà yẹn bí ìdí ìkòkò. Ẹja àkọ́kọ́ tí mo fà sókè, mo rò pé ara ẹ̀ ò yá ni, ó dúdú títí dé àgbọ̀n.

Ibi tá a dúró sí, omi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, koríko omi àti igbó wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Kọ́ọ̀kì kékeré kan, òjé kékeré kan, ìwọ̀ kan, ẹja kéékèèké ààyè kan lẹ́nu ìwọ̀, ó parí. Nígbà tó ṣe, kọ́ọ̀kì ẹ̀gbọ́n mi tó nàró lórí omi ṣàdédé fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò rì o, ńṣe ló kàn dùbúlẹ̀. Wọ́n ń wò ó, èmi náà ń wò ó, a rò pé afẹ́fẹ́ ni. Bàbá pariwo pé kí wọ́n fà á! Ẹja ti gbé ìdẹ sẹ́nu, ó sì ń gbé e lọ sókè, òjé tó ń fa kọ́ọ̀kì nísàlẹ̀ ò wúwo lórí ẹ̀ mọ́, ohun tó jẹ́ kó dùbúlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wá fà á, agbára tí wọ́n fi ń fa ẹja àrọ̀ ni wọ́n fi fà á, ìwọ̀ padà wá lófìfo, awọ tínńtín kan lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ ti fa ẹnu ẹ̀ ya." Bàbá gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sókè díẹ̀ báyìí bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó, ó ní bó ṣe yẹ kó tó nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Látìgbà yẹn wọn ò pàdánù ju méjì lọ.

Mọ́kànlélógún la kó lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, a dá èyí tí kò tó ínṣì 10 padà torí òfin Texas nìyẹn, ínṣì 10 ló kéré jù, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ kó ju 25 lọ lóòjọ́. Inú wa dùn gan-an, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo padà lọ lémi nìkan, mo yá ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, dọ́là 40, mo ra ẹja ìdẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà létí omi, mo ṣe gbogbo nǹkan tí mo rí lọ́wọ́ bàbá, etí omi náà ni mo ń tọ̀ lọ, mi ò jìn sílẹ̀ rárá, mo kó mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá! Dọ́là 400 ni bàbá ń gbà lọ́wọ́ èèyàn méjì fún wákàtí márùn-ún. Nígbà tí ẹja bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá bá yín létí ilẹ̀, kí lẹ ń san 400 fún? Tẹ́ ẹ ò bá tíì di ọ̀pá ìwọ̀ mú rí láyé yín, ó dáa, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan kó kọ́ yín, ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa kì í sì í jágbe mọ́ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ẹ pa owó yẹn mọ́.

Ìkejì jẹ́ July, ìyàwó mi ló tẹ̀ lé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oòrùn Texas, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, aago márùn-ún kọjá díẹ̀ la ti wà lórí omi torí bàbá ní tó bá ti di aago mẹ́wàá òun ò lè dúró mọ́. Ní sọ́mà etí omi ti gbóná jù, ẹja ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ wọn ò lè lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá náà. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu: omi tó jìn máa ń pín sí méjì ní sọ́mà, èyí tó gbóná á wà lókè, èyí tó tutù á wà nísàlẹ̀, wọn ò ní pò mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí á wá tán díẹ̀díẹ̀ nínú ti ìsàlẹ̀. Bàbá fi hàn wá lójú ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ń fi ohun tó wà nísàlẹ̀ omi hàn, ìlà kan tó rí bí èéfín tó nà gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 24, kò sí ẹja kan ṣoṣo lábẹ́ ẹ̀. Gbogbo wọn rọ̀ mọ́ igi lókè ìlà yẹn, ní bí 18 sí 22. Torí náà ẹni tó bá sọ ìdẹ ẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 30 ní July torí ó gbọ́ pé ẹja wà ní jíjìn, asán ló ń pa.

Lábẹ́ afárá Highway 154 la ti kó èyí tó pọ̀ jù, òjìji afárá ò jẹ́ kí oòrùn pa wá níbẹ̀, ẹja náà fẹ́ràn òjìji yẹn. Ìyàwó mi pa ju mí lọ, mẹ́tàlá sí mẹ́sàn-án, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí. Ohun kan tí mo kọ́ níbẹ̀ tí mo ṣì ń lò: bàbá máa ń ju ìgò omi dídì kan sínú ike ẹja ìdẹ, kì í da áìsì sí i ní tààrà, ìdẹ náà ò kú títí a fi kúrò. Ẹja tá a pa náà, inú kúlà tí áìsì àti omi kún ló ń jù wọ́n sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí crappie ní July, ara ẹ̀ rọ̀, tẹ́ ẹ bá fi í sínú báàgì lásán fún wákàtí kan ẹran ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lọ́wọ́ yín.

Àléébù tibẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ yẹn ò ní ìbòrí kankan, tẹ́ ẹ bá ti kúrò lábẹ́ afárá oòrùn ló kù, omi mímu tó gbé wá ò ju ìgò mẹ́rin lọ fún èèyàn mẹ́ta, orí ti ń fọ́ ìyàwó mi nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí ọkọ̀ náà, ẹ̀yin obìnrin ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí ìyàwó mi sọ fún un, kò rojọ́, ó yíjú ọkọ̀ padà kíá ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù létí omi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ ẹni tó ń gba 400 yẹ kó na agboorùn ńlá kan sórí ọkọ̀. Mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní jẹ́ kóun lè ju ọ̀pá dáadáa. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́wọ́ èmi o, oòrùn yẹn lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ẹ gbé omi tiyín dání, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ dé fìlà tó fẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀ náà mo ṣì máa sọ pé sọ́mà yẹ lówó, torí láìsí ẹ̀rọ ẹ̀ mi ò bá má mọ ibi tí ìlà yẹn wà, mi ò bá ti jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ kí n má rí nǹkan kan.

Ti ìgbà tí ewé ń wọ́, mi ò ní fi gùn. A ti fi í sí Saturday kan nínú October, mo ti san dípọ́síìtì 100, alẹ́ Friday ló pè mí pé ìjì ń bọ̀. Kò burú, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rì sómi nítorí ẹja. Ó wá mú ọjọ́ mìíràn fúnra ẹ̀, ọjọ́ yẹn bọ́ sí ọjọ́ tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi yí i, ó ní dípọ́síìtì ti sọnù nìyẹn, pé èmi ni mo yẹ ọjọ́. Èmi? Ta ló kọ́kọ́ yẹ ọjọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, kò sì dá owó náà padà títí dòní. Mo tún san òmíràn, a lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ November, ẹja mẹ́sàn-án la rí láàárín wákàtí mẹ́fà. Mi ò dá a lẹ́bi lórí ìyẹn. Nígbà tí omi bá ń tutù, òkè àti ìsàlẹ̀ tó pín sí méjì ní sọ́mà á tún dà pọ̀, afẹ́fẹ́ á wà níbi gbogbo, ẹja náà á sì wà níbi gbogbo, àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní shad á máa wọ inú apá odò tóóró lọ, crappie á máa tẹ̀ lé wọn, ẹ̀yin náà á máa tẹ̀ lé crappie. Epo la sun, a ò pẹja. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ gba afẹ́fẹ́ kẹ́ ẹ wo ewé pupa, ó rẹwà lóòótọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti wíńtà.

January ni, nígbà tí a jí lọ́jọ́ náà, 38 ti Fahrenheit ló wà lójú fóònù. Ọmọ mi obìnrin ọmọ ọdún méjìlá ló ní òun máa tẹ̀ lé mi, ìyá ẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà, mo ní kó jẹ́ kó lọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17 kò nílò láísẹ́ǹsì ní Texas, èmi ni mo nílò ẹ̀, ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ láísẹ́ǹsì ọdọọdún tẹ́ ẹ bá rà, August 31 ló máa ń parí láìka ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á sí, tẹ́ ẹ bá rà á ní July oṣù méjì péré lẹ máa lò. Owó bàbá ò sì kan láísẹ́ǹsì, òun ò ní rà á fún yín.

Ibi tó gbé wa lọ jẹ́ àárín gbùngbùn omi, lórí ibi tí odò àtijọ́ ti ń ṣàn kí wọ́n tó sé e mọ́, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Létí omi kò sí nǹkan kan, ẹyẹ funfun ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, níbo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹja wọ̀nyẹn máa ń kó ara wọn jọ ní wíńtà bí àgùntàn tí òjò ń pa, gbogbo wọn á wà ní ojú ibì kan tí kò fẹ̀ ju yàrá lọ, ibi tó kù nínú éékà 27,000 á ṣófo. Ohun tí mo ń sanwó fún nìyẹn. Bàbá tan ẹ̀rọ ẹ̀, èyí tuntun tó ń fi ẹja hàn bó ṣe ń rìn gan-an lákòókò tó ń rìn, ọmọ mi sún mọ́ ọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. A rí igi ńlá kan tó nàró lábẹ́ wa pẹ̀lú ẹ̀ka ẹ̀, a rí ẹja bí àmì kéékèèké ìmọ́lẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀ka náà. A rí jíìgì tiwa náà tó ń sọ̀kalẹ̀, òjé kékeré tí wọ́n so ìrù bí ti ẹja mọ́. Bàbá ní kó dá a dúró ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lókè orí wọn, kó má mì í, kó kàn dì í mú. Ọwọ́ ọmọ mi ń gbọ̀n nítorí òtútù, bàbá ní gbígbọ̀n yẹn ti tó, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmì kan já kúrò lára àwọn tó kù, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa ò mí. Ó dé ìdí jíìgì, ó dúró. Ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi dúró síbẹ̀ tó ń wò ó. Bàbá wá sọ lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó gbé e sókè bí ínṣì mẹ́ta péré, bí ìdẹ tó fẹ́ sá lọ. Ó gbé e. A ò rí kí ọ̀pá fà rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé okùn tó nà tẹ́lẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé òjé ti balẹ̀ sórí nǹkan. Ó ní, "Dádì, ó ti fúyẹ́!" Mo ní rọra gbé e, rọra. Ínṣì 14, black, ikùn ẹ̀ sanra. Mo ti rí ọmọ yìí gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé, mi ò tíì rí i kí ojú ẹ̀ rí báyẹn.

Ẹja kẹfà tàbí keje kéré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká dá a padà, Dádì, ó kéré jù." Mo ti fẹ́ sọ ọ́ sómi, bàbá di ọwọ́ mi mú. Òfin Lake Fork yàtọ̀ ní wíńtà: láti December 1 títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú February, kò sí pé ínṣì 10 ló kéré jù mọ́, gbogbo crappie tẹ́ ẹ bá fà sókè ni kẹ́ ẹ kó lọ sílé, kékeré ni o, ńlá ni o, títí tó fi máa pé 25. Ó wá fi ẹja náà hàn wá, ikùn ẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù, ojú ẹ̀ yọ síta. Ẹja ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, tẹ́ ẹ bá fà á láti ibi tó jìn bẹ́ẹ̀ yẹn wá sókè lójijì, afẹ́fẹ́ inú àpò yẹn á wú, kò ní lè padà sísàlẹ̀, orí omi ló máa léfòó sí títí tó fi máa kú. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti ṣàánú ẹ̀, ẹyẹ ló máa jẹ ẹ́. Ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló fi í sínú kúlà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn lọ́jọ́ náà torí kò fi òfin halẹ̀ mọ́ wa, ó sọ ìdí ẹ̀ fún ọmọdé bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹja sinmi díẹ̀ ló sọ ìtàn tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀. Lake Fork lókìkí nítorí ẹja bass ju crappie lọ, àwọn tó ń lépa bass ń náwó gọbọi lórí ọkọ̀ àti ọ̀pá. Bass tó tóbi jù tí wọ́n tíì pa ní Texas, pọ́n-ùn 18.18, inú omi yìí ló ti wá, January 24, 1992, ẹni tó pa á, Barry St. Clair, crappie ló ń pa lọ́jọ́ náà, ẹja kéékèèké ló fi ṣe ìdẹ. Ọmọ mi bá mú ọ̀pá ẹ̀ dání dáadáa lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àwa méjèèjì kó, àwọn mẹ́fà nínú ẹ̀ kéré, ìyókù tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, márùn-ún fún wíńtà, mẹ́rin fún sọ́mà torí oòrùn, mẹ́ta fún ìrúwé, méjì fún November, owó dípọ́síìtì yẹn sì wà nínú ìdí tó fi jẹ́ méjì.

Ohun kan tó kù ni ọ̀rọ̀ orí ẹja. Owó tẹ́ ẹ san kan pé ó máa bá yín ṣe ẹja náà tẹ́ ẹ bá dé ilẹ̀ (lórí omi kò lè là á, òfin ní kó wà lódindi títí dìgbà tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀), ọwọ́ ẹ̀ yá, ó ní ọ̀bẹ oníná kan tó ń fi là á, ìṣẹ́jú kan ẹran funfun méjì ti jáde. Ní March, nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n fi máa débẹ̀ láti ibi tá a ti lọ fọwọ́, ó ti da orí mọ́kànlélógún sínú ike ìdọ̀tí, orí, egungun, ìrù, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kàn dúró síbẹ̀. Orí ẹja! Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kí n sọ̀rọ̀ àbí kí n má sọ̀rọ̀?" Mo ní ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ ni. Látìgbà yẹn mo máa ń sọ fún un kí ọkọ̀ tó gbéra: ha ìpẹ́ ẹ̀, yọ ìfun ẹ̀, fi orí sílẹ̀. Ó ń ṣe é báyìí láì bèèrè. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílẹ̀.

Nípa jíjẹ, crappie dùn, ẹran ẹ̀ funfun, kò rùn, kì í ní òórùn ẹrẹ̀ tí epìyà inú fìríìsà máa ń ní. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo bò ó kí wọ́n tó dín in, èmi kàn ń fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, mo dín in nínú òróró gbígbóná, ó parí. Fún ọbẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú ata kẹ́ ẹ jẹ́ kó hó lọ bíi tìtùs, ó máa fọ́ yángá, ẹ jẹ́ kí ata jinná tán, kẹ́ ẹ wá gbé e lé e lórí, ẹ dé e, ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà. Orí ẹ̀ la fi se ata olómi lálẹ́ ọjọ́ January yẹn, ọmọ mi jẹ mẹ́ta.

Mo ti fi dọ́là 100 mìíràn ránṣẹ́ sí bàbá fún January tó ń bọ̀. Kí n tó fi ránṣẹ́ mo ní kó kọ ọ́ sínú tẹ́ẹ̀sì fún mi pé tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ yẹ ọjọ́, owó mi ò ní sọnù, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, àmọ́ ó kọ ọ́. Ọmọ mi ti ra ìbọ̀wọ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó ti gé orí ìka méjì kúrò lára ẹ̀ kó lè máa mọ̀ tí okùn bá fúyẹ́.